Àgọ́ tapólì l'Abuja: Tí wọ́n bá lé aláìnílé, ibo ló ń lọ?

Kò sí ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ l'Abuja tí kò mọ àwọn àgọ́ yìí. Ẹni tó ti ń gba Durumi ní Area 1 kọjá mọ ibi tí àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé ti gbé. Ẹni tó bá dé New Kuchingoro mọ tibẹ̀, ẹni tó bá dé Wassa náà mọ̀. Igi díẹ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tapólì tí òjò ti lù tí oòrùn sì ti pa, páànù àlòkù, àpò tí wọ́n rán pọ̀ mọ́ra: òun nilé. Láti 2014 ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń dé láti Gwoza, láti Bama àti àwọn abúlé tó yí wọn ká. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú àgọ́ náà nígbà yẹn ti dàgbà tó láti máa pọnmi, kí wọ́n sì máa pọn àbúrò sẹ́yìn.

Ohun tí a máa ń sọ tí a bá kọjá ni pé, "Ọlọ́run má fi irú ẹ̀ kàn wá," a ó sì máa bá tiwa lọ. Àdúrà yẹn dáa, ta ni kò ní ṣe àmín? Ṣùgbọ́n àdúrà nìkan kò tó o. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ sọ ni pé lílé aláìnílé kúrò lójú títì kì í dín iye wọn kù, ṣe ló kàn ń kó wọn lọ síbòmíràn, tó sì ń fi tuntun kún wọn. Àti pé àwa tí a wá jẹun nílẹ̀ onílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé orí ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ kò gún régé, a sún mọ́ àgọ́ yẹn ju bí a ṣe rò lọ.

Ta ni wọ́n gan-an?

Tí èèyàn bá gbọ́ "aláìnílé l'Abuja", alágbe ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín sí.

Àwọn àkọ́kọ́ ni àwọn tí ogun lé wá láti Borno, Adamawa àti àyíká rẹ̀. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn nílé. L'Abuja, wọ́n ń ro oko olóko, wọ́n ń ṣe lébìrà, àwọn obìnrin wọn ń fọ aṣọ láti ilé dé ilé, wọ́n sì ń ta igi ìdáná. Ìjọba kò fìgbà kan ka ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgọ́ yìí sí àgọ́ tí òun dá sílẹ̀ fúnra òun. Ìdí nìyẹn tí ìrànlọ́wọ́ fi ń wá ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́wọ́ mọ́ṣáláṣí, lọ́wọ́ àwọn aláàánú tó ń gbé ìrẹsì wá lọ́jọ́ ọdún.

Àwọn kejì ni àwọn tí wọ́n wó ilé mọ́ lórí níbẹ̀ gan-an l'Abuja. Wọ́n ní yàrá tẹ́lẹ̀. Katapílà dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di pé kí wọ́n máa kó bẹ́ẹ̀dì àti kòkò jáde sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Àwọn kẹta ni àwọn tó ní iṣẹ́ àmọ́ tí wọn kò ní owó ilé: ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, awakọ̀ tó ń sùn sínú mọ́tò, alábàárù tó ń sùn sábẹ́ ìsọ̀ lọ́jà, ọlọ́dẹ tó kó ìyàwó àti ọmọ sínú ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, àwọn ọmọ tiwa wà nínú wọn. Kò sí ẹgbẹ́ ìlú kan l'Abuja tí kò ní irú wọn nínú ìwé orúkọ rẹ̀. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ.

Àwọn kẹrin ni àwọn tó ní ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ilé náà jìnnà débi pé owó mọ́tò kò jẹ́ kí wọ́n lè lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, jálá epo tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ sún dé bíi 1,000 kí 2024 tó parí. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé Mararaba tàbí Suleja wá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè títí dé Tọ́sìdeè. Tí wọ́n bá ń ka aláìnílé, ẹnikẹ́ni kò ní ka onítáì sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ́ ẹní sábẹ́ tábìlì ọ́fíìsì, tó ń fi omi ike wẹ̀ kí ọ̀gá tó dé, kí la fẹ́ pe onítọ̀hún?

Ìlú gbogbo wa, ilẹ̀ ìjọba

Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe dá Abuja sílẹ̀ kò ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi tán. Ọmọ Yorùbá kan, Adájọ́ Akinola Aguda, ló jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tí ìjọba Murtala Mohammed yàn ní 1975 láti wádìí ọ̀rọ̀ olú-ìlú. Ohun tí wọ́n ń wá ni ilẹ̀ tó wà ní àárín gbùngbùn, tí kì í ṣe ti ẹ̀yà ńlá kankan, tí ọmọ Nàìjíríà kọ̀ọ̀kan yóò lè pè ní tirẹ̀. Ní oṣù kejì 1976, òfin jáde tó yọ ilẹ̀ náà kúrò lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ni ín, tó sì sọ ọ́ di ti ìjọba àpapọ̀.

Ilẹ̀ yẹn kò ṣófo. Àwọn Gbagyi tí a máa ń pè ní Gwari wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀yà míì náà wà pẹ̀lú wọn. Èrò àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n kó gbogbo wọn kúrò, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó náà, ó pọ̀ jù. Ní 1978, ìjọba yí ohùn padà: ẹni tó bá fẹ́ dúró kó dúró, ìgbà tí wọ́n bá nílò ilẹ̀ rẹ̀ ni wọn yóò tó kó o lọ síbòmíràn nínú FCT. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará Maitama àtijọ́ ni wọ́n kó lọ sí Kubwa. Àwọn ará Wuse ni wọ́n kó lọ sí ibi tí à ń pè ní Sabon Wuse lónìí, ní ìpínlẹ̀ Niger. Àwọn tó kù dúró sínú abúlé wọn, títì ńlá àti ilé alájà sì ń hù yí wọn ká. Nígbà tí àlejò dé tó ń wá ibi tí yóò sùn, ta ni yóò tà á nílẹ̀? Àwọn baálẹ̀ abúlé wọ̀nyí náà ni.

Ìwé ètò ìlú, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Master Plan, jáde ní 1979. Wọ́n ṣe é fún ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ kò ní ju bíi mílíọ̀nù mẹ́ta lọ lópin gbogbo ẹ̀. Wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún aṣojú ilẹ̀ òkèèrè, fún mínísítà, fún ilé iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí Babangida kó ìjọba wá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dá àkàrà, ẹni tí yóò tún mọ́tò ṣe, ẹni tí yóò rán aṣọ, ẹni tí yóò gbé búlọ́ọ̀kù, níbo ni ìwé ètò yẹn ní kí wọ́n sùn? Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún irú wọn kéré. Wọ́n wá àyè fúnra wọn ní Mpape, ní Chika, ní Karmo, ní Gishiri, ní ẹ̀yìn Lugbe. Wọn kò yà bàrá wá sí ìlú. Ìlú ló nílò iṣẹ́ ọwọ́ wọn tí kò sì pèsè yàrá fún wọn.

Láàárín 2003 sí 2007, nígbà tí Nasir el-Rufai jẹ́ mínísítà FCT, ìjọba ní òun fẹ́ dá Master Plan padà sípò. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ méjì tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ilé gbígbé, COHRE àti SERAC, gbé jáde ní 2008 fojú díwọ̀n rẹ̀ pé àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé lásìkò náà tó 800,000. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ìlú ńlá kan gédégbé nìyẹn.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé: ṣé àwọn 800,000 yẹn ra tíkẹ́ẹ̀tì padà sílé ni? Rárá o. Iṣẹ́ wọn wà l'Abuja. Wọ́n sún kọjá ààlà FCT bíi kìlómítà díẹ̀. Ẹ wo Mararaba, ẹ wo Masaka, ẹ wo New Karu ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, ẹ wo Madalla àti Suleja ní ìpínlẹ̀ Niger. Ohun tó fà á tí mọ́tò fi ń dúró gbagidi láti Nyanya sí Mararaba láàárọ̀ wà lára ẹ̀. Àwọn mìíràn padà sí ibi tí wọ́n ti lé wọn, wọ́n tún ilé kọ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọn kò fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ mọ́. Wọ́n fi páákó àti páànù kọ́ ọ, nítorí wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n ṣì ń bọ̀ wá wó o. Bí ilé ṣe ń di ahéré nìyẹn, tí ahéré ń di àgọ́.

Ohun tí ìjọba ń sọ, àti ohun tó kù

Ká má ṣègbè. Ìjọba ní àlàyé tirẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2024, Mínísítà Nyesom Wike kéde pé àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó alágbe kúrò ní títì Abuja. Ó ní ìtìjú ló jẹ́ fún olú-ìlú, àti pé ọ̀daràn lè fi bàrà bojú láàárín wọn. Ẹni tí "one chance" ti gbé rí, tàbí tí wọ́n ti já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ bíríìjì, kò ní bá a jiyàn. Ilé tí wọ́n kọ́ sójú àgbàrá náà, ikú ni fún ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Títì tí ìjọba ń la, gbogbo wa la ń gbà á.

Ṣùgbọ́n tí a bá ti kó wọn tán, ibo là ń kó wọn lọ? Ìdáhùn tí ìjọba oríṣiríṣi máa ń fún wa ni pé kí kálukú padà sí ìpínlẹ̀ rẹ̀. Àwa tí à ń gbé lẹ́yìn odi kò gbọdọ̀ yára pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ní oṣù keje 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn kan tí wọ́n ní wọn kò nílé, wọ́n lọ já wọn sílẹ̀ l'Onitsha. Ariwo sọ jákèjádò ìlú, àwọn ará wa tó wà ní ilẹ̀ Ìgbò nígbà yẹn mọ bí ojú ṣe rí. Lẹ́yìn oṣù bíi méjì, Gómìnà Fashola bẹ àwọn Ìgbò. Tí a bá gbà pé ìjọba lè wo ojú ọmọ Nàìjíríà kan, kó ní "ìwọ kì í ṣe ará ibí, máa lọ" nítorí pé kò ní owó ilé, a ti fún un ní ọ̀pá tí yóò fi lé àwa náà lọ́la. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó.

Àwọn bàbá wa rí i rí. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n jáde. Àwọn ọmọ Ogbomoso, Ejigbo, Offa, Saki àti ọ̀pọ̀ ìlú wa ló fi ṣọ́ọ̀bù, ilé àti gbèsè tí wọn kò tíì gbà sílẹ̀. Ogójì ọdún tí ẹlòmíì ti lò níbẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Ìwé ni wọ́n béèrè, wọn kò béèrè iye ọdún.

Ká sì rántí pé ilé tiwa náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun l'Ékòó wó Maroko, èèyàn bíi 300,000 ló di aláìnílé, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ Yorùbá. Ní 2016 àti 2017, wọ́n lé àwọn ará Otodo-Gbame, bíi 30,000 èèyàn, kúrò létí ọ̀sà. Ní oṣù kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá àwọn ará àdúgbò náà láre, ó ní lílé tí wọ́n lé wọn láìpèsè ibi tí wọn yóò lọ jẹ́ ìwà ìkà. Ṣé àìnílé wá tán l'Ékòó? Ní oṣù karùn-ún 2024, ìjọba Èkó kéde pé àwọn rí yàrá 86 lábẹ́ bíríìjì Dolphin ní Ikoyi. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń san bíi 250,000 náírà lọ́dún. Abẹ́ bíríìjì o, owó ilé! Ẹni tó lè san 250,000 kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń wá yàrá tí owó ọwọ́ rẹ̀ ká, kò rí i.

Ìṣirò tí kò gbè

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún Abuja. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí láti oṣù keje 2024 ni 70,000 náírà. Ìyẹn jẹ́ 840,000 náírà lọ́dún, tí onítọ̀hún kò bá jẹun, tí kò wọ mọ́tò, tí kò sì san owó ilé ìwé ọmọ. Ẹ wá lọ bi éjẹ́ǹtì iye tí wọ́n ń pe yàrá kan tó ní ilé ìwẹ̀ nínú ní Kubwa, ní Lugbe tàbí ní Nyanya. Ẹ fi owó éjẹ́ǹtì kún un, ẹ fi owó àgírímẹ́ǹtì kún un, ẹ fi owó ìdúró, ìyẹn "caution", kún un. Onílé kì í gba owó oṣù l'Abuja. Owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà ló ń gbà, àwọn mìíràn ń béèrè méjì.

Níbi tí ìṣirò yẹn ti já nìyẹn. Ẹni tó lè kó nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù kò lè kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àìsàn kan, iṣẹ́ tó bọ́, ọjà tó jóná, ọdún owó ilé á pé, kò ní sí nílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ bíríìjì ni ogun lé débẹ̀. Owó ọdún kan tí kò pé ló lé ẹlòmíì.

Ìwé òfin Nàìjíríà mọ ọ̀rọ̀ yìí. Abala 16 nínú òfin 1999 sọ pé kí ìjọba rí i dájú pé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní ibùgbé tó yẹ. Ṣùgbọ́n ó wà ní orí kejì ìwé òfin náà, òfin kan náà ní abala 6 sì sọ pé èèyàn kò lè torí ohun tó wà ní orí yẹn gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ìlérí wà, kò sí ẹni tí a lè mú nítorí rẹ̀.

Ìwé wo ló wà lọ́wọ́ rẹ?

Ibi tó ti kan ọ̀pọ̀ nínú wa tààrà rèé o. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti kọ́lé l'Abuja gbàgbọ́ pé àwọn ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ àìnílé. Ká yẹ ìwé wò ná.

Abala 297 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé gbogbo ilẹ̀ tó wà ní FCT, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Kò sí "ilẹ̀ ẹbí" níbẹ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó. Mínísítà tó ń ṣojú Ààrẹ nìkan ló lágbára láti fúnni nílẹ̀. Nítorí náà, ìwé mẹ́ta tí ẹ máa ń rí kò dọ́gba.

Èyí tí baálẹ̀ abúlé tàbí ọmọ onílẹ̀ fọwọ́ sí, tí wọ́n fi ẹlẹ́rìí méjì sí, rìsíìtì ni. Ó fi hàn pé o sanwó fún ẹnì kan. Kò fi hàn pé ìjọba mọ̀ ọ́.

Èyí tó wá láti ọ́fíìsì káńsù, yálà AMAC, Bwari, Kuje tàbí èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́fà, sàn díẹ̀, àmọ́ kò tíì pé. Láti oṣù kẹrin 2025 ni ìjọba FCT ti ní òun fẹ́ ṣe àtúnṣe sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní in kó yára lọ béèrè ní AGIS, kó má fi ọ̀rọ̀ náà lé éjẹ́ǹtì lọ́wọ́.

Èyí tí Mínísítà fọwọ́ sí, tó wà nínú kọ̀ǹpútà AGIS, òun ni ìwé. Òun náà kò sì ní kí o sùn gbàgbé. Ní oṣù kẹta 2025, ìjọba FCT gba ìwé ilẹ̀ 4,794 padà nítorí àwọn tó ni ín kò san owó ilẹ̀ ọdọọdún fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Maitama, Asokoro, Wuse, Garki ni púpọ̀ wọn wà.

Ẹ wo ìyàtọ̀ kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn àwọn olówó yẹn pa ní ìparí oṣù karùn-ún, Ààrẹ dá sí i, ó fún wọn ní ọjọ́ 14 sí i láti san gbèsè wọn. Kò burú, ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n ta ni ń fún ẹni tó wà lábẹ́ tapólì ní ọjọ́ 14? Ọ̀dà pupa ni wọ́n á fi kọ X sára ògiri ẹni tó tiẹ̀ ní ògiri. Ohun tí ó yẹ ká máa béèrè ni pé kí àkókò àti ẹ̀tí tí wọ́n ń yá fún Maitama, kí wọ́n yá a fún Mpape àti Durumi náà.

Ayálégbé ló tún wá burú jù fún. Nígbà tí wọ́n bá wó ilé, orúkọ onílé ni ìjọba mọ̀, tó bá mọ̀ ọ́n rárá. Owó ọdún kan tí ayálégbé san lóṣù tó kọjá ti wọlé pẹ̀lú onílé. Kò sí ọ́fíìsì kankan tí yóò kà á mọ́ àwọn tó yẹ kí wọ́n fún ní ohunkóhun. Ẹ má sì rò pé ẹni tó wà ní Mararaba tàbí Suleja bọ́. Lóòótọ́, ìpínlẹ̀ ló ni ilẹ̀ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ọmọ onílẹ̀ náà ló pọ̀ lọ́wọ́ wa níbẹ̀, títì àti ọjà tuntun sì ń bọ̀ lọ́nà.

Ohun tí Mpape kọ́ wa

Kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n kọ X sí ni wọ́n wó. Ní 2012, wọ́n fẹ́ wó Mpape. Àwọn ará ibẹ̀ kò ya ara wọn sọ́tọ̀ ní Yorùbá, Ìgbò, Hausa, Tiv àti Gbagyi. Wọ́n para pọ̀, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga FCT. Ní 2017, ilé ẹjọ́ dá wọn láre. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi sún mọ́ra. Ẹgbẹ́ ìlú kan ṣoṣo kò lè dá irú ẹ̀ ṣe, lándílọ́ọ̀dù kan ṣoṣo kò lè dá a ṣe.

Ẹ̀kọ́ yẹn ló yẹ kó dé ìpàdé wa. A mọ bí ìpàdé wa ṣe máa ń rí: aṣọ ẹbí, ìsìnkú, oyè, owó ọdún. Gbogbo rẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mẹ́rin yìí náà yẹ kó wà lórí ìwé ètò ìpàdé tó ń bọ̀.

Àkọ́kọ́, kí akọ̀wé ní ìwé kan tó fi hàn irú ìwé ilẹ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, àti àdúgbò tó wà. Kì í ṣe láti fi dójú ti ẹnikẹ́ni. Tí ogún ọmọ ẹgbẹ́ bá ní ìwé káńsù ní àdúgbò kan, wọ́n lè jọ gba lọ́yà kan ṣoṣo, kí wọ́n jọ lọ sí AGIS. Owó ẹ̀ yóò fúyẹ́ lórí kálukú.

Èkejì, kí á ní àjọ owó ilé. Àjọ kì í ṣe tuntun sí wa, òun làwọn ìyá wa fi kọ́lé. Tí èèyàn méjìlá bá ń dá iye kan náà lóṣooṣù, tí ẹni tí ọdún owó ilé rẹ̀ bá pé sì ń kó o lóṣù náà, a ti sọ owó ọdún di owó oṣù láìdúró de òfin. Kí ẹgbẹ́ jẹ́ onígbọ̀wọ́, kí ẹni tó bá kó má lè sá.

Ẹ̀kẹta, kí á ní ibi ìsùn fún ọjọ́ wàhálà. Yàrá kan tàbí méjì nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, tàbí àdéhùn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa, kí ìdílé tí wọ́n wó ilé mọ́ lórí lè sùn fún oṣù kan kí wọ́n tó rí ibi tí wọn yóò lọ. Nígbà tí wọ́n lé àwọn bàbá wa kúrò ní Ghana, agbo ilé ló gbà wọ́n. L'Abuja, ẹgbẹ́ ni agbo ilé wa.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn olórí wa jókòó pẹ̀lú àwọn olórí ẹ̀yà yòókù nínú àdúgbò, kí wọ́n jọ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ FCT àti lọ́wọ́ àwọn aṣòfin: ìfitónilétí tó tó oṣù mélòó kan kí wọ́n tó wó ohunkóhun, ibi tí èèyàn yóò lọ kí katapílà tó dé, àti kíka ayálégbé mọ́ àwọn tó yẹ fún ìrànwọ́. Kí wọ́n sì dárúkọ àwọn ará àgọ́ níbẹ̀. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn Kampala láti 2012, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lórí àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí ìlànà tiwa ní 2021. Ẹni tó wà nínú àgọ́ kò tọrọ àánú nígbà tó bá ní kí wọ́n má kó òun dànù. Ohun tí ìjọba ti fọwọ́ sí ló ń béèrè.

Ẹnì kan lè ní, "Kí ló kàn wá pẹ̀lú ará Borno?" Ó kàn wá nítorí pé òfin tí kò dáàbò bo ẹni tí kò ní nǹkan kan kò lè dáàbò bo ẹni tó ní rìsíìtì baálẹ̀. Níbi tí wọ́n ti lè lé ìdílé kan jáde láàárọ̀ láìbéèrè ibi tí yóò sùn lálẹ́, kò sí àlejò tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun nílé níbẹ̀. Tí ìpàdé bá pé lóṣù tó ń bọ̀, kí kálukú mú ìwé ilẹ̀ rẹ̀ tàbí rìsíìtì owó ilé rẹ̀ dání, kí a jọ wò ó kí ọlọ́dà pupa tó bá wa wò ó.